Báwo lẹ ṣe ń tú géèmù chess táwọn obìnrin ńlá ta fún tíìmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Àdùkẹ́_e4:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Kápítéènì wa ní kí gbogbo àwa obìnrin inú kilọ́ọ̀bù lọ mú géèmù kan tí àwọn àgbà obìnrin inú chess ta fún tíìmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ká tú u palẹ̀, ká wá ṣàlàyé ẹ̀ fáwọn tó kù ní Sátidé. Mo lọ wo Online Olympiad ti 2020 (ìdíje chess àwọn orílẹ̀-èdè lórí íntánẹ́ẹ̀tì), fáínà tí Rọ́ṣíà àti Íńdíà ta, mo ṣí géèmù kan, mo tan ẹ́ńjìnnì (ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ múùfù tó dáa) sí i, ó ń yọ nọ́ńbà, ó ń yọ ọfà, pupa lọ́tùn-ún, àwọ̀ ewé lósì. Mo ti wá mọ ibi tí wọ́n ti ṣì í ta o, àmọ́ mi ò mọ ìdí ẹ̀, tí ọmọ kékeré bá bi mí ní "kí ló dé?" mi ò ní lè dáhùn. Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe tiyín? Kí lẹ máa ń kọ́kọ́ wò? Fóònù ni mò ń lò o, mi ò ní láàpútọ́ọ̀pù, dátà ọ̀hún náà ò pọ̀.

Bọ̀dá_Rúùkù:
Àdùkẹ́, pẹ̀lẹ́. Pa ẹ́ńjìnnì yẹn ná. Mo mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún ẹ, ṣá pa á. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tan ẹ́ńjìnnì dà bí ọmọ iléèwé tó ṣí ẹ̀yìn ìwé wo ìdáhùn kó tó ka ìbéèrè, máàkì á pé, ìṣirò ò ní yé e.

Bí mo ṣe ń ṣe tèmi rèé. Mo máa ń kọ́kọ́ wo géèmù yẹn láti orí dé ìrù lẹ́ẹ̀kan, kíákíá, mi ò ní dúró níbì kankan, kí n kàn mọ ibi tíjà ti bẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo máa padà sẹ́yìn, ibi tọ́kàn mi bá ti ní "ẹ̀n-ẹ́n, kí lèyí?" mo máa dúró níbẹ̀, mo máa mú bírò àti bébà, mo máa kọ ohun témi ì bá ta níbẹ̀ àti ìdí tí mo fi máa ta á, ì báà jẹ́ ìsọkúsọ, kò kàn mí, mo ṣáà máa kọ ọ́. Ìgbà tí mo bá kọ ọ́ tán pátápátá ni mo tó máa tan ẹ́ńjìnnì, mo wá máa wá ibi tí èmi àti ẹ̀ ò ti fẹnu kò. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà, ibi tẹ́ ẹ ti fẹnu kò, ẹ máa kọjá lọ.

Lichess, ìkànnì chess, ọ̀fẹ́ ni, wọn ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ. Ṣí "study" kan níbẹ̀, gbé géèmù yẹn sínú ẹ̀, kọ èrò ẹ sábẹ́ múùfù kọ̀ọ̀kan, tó bá di Sátidé o kàn máa fi líǹkì ẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp kilọ́ọ̀bù yín ni.

Kòsínáà:
Ẹ̀gbọ́n Rúùkù, ẹ má bínú, èmi ò gbà pátápátá. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, ìgbà wo ló fẹ́ fi bírò kọ ogójì múùfù? Ohun témi máa ń ṣe ni pé màá jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yà gíráàfù ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, màá wo ibi méjì mẹ́ta tí ìlà yẹn ti já wálẹ̀ gbìì tàbí tó fò sókè, màá kọ nọ́ńbà múùfù yẹn sílẹ̀, màá wá pa ẹ́ńjìnnì. Mi ò ní ka múùfù tó ní kí wọ́n ta o, nọ́ńbà múùfù nìkan ni mo fẹ́. Ibi méjì mẹ́ta yẹn ni màá jókòó tì. Tí ìlà bá kàn mì díẹ̀ láti 0.2 lọ sí 0.5 (nọ́ńbà tí ẹ́ńjìnnì fi ń wọn ẹni tó ń borí), màá kọjá, kò sẹ́ni tó máa rántí ìyẹn ní Sátidé.

Àdùkẹ́ tún ní fóònù lòun ń lò. Ẹ́ńjìnnì orí fóònù máa ń mú kó gbóná, ó sì máa ń fa bátìrì gbẹ, tí NEPA bá wá mú iná lọ, ó parí. Má jẹ́ kó máa sáré lábẹ́lẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Màmá_Ẹlẹ́ṣin:
Ẹ̀yin ọmọ yìí, orí ẹ́ńjìnnì lẹ wà tẹ́ ẹ ti ń jiyàn, ẹ ò tíì kan ohun tí ọmọbìnrin yìí béèrè. Géèmù TÍÌMÙ ni wọ́n ní kó tú. Ọ̀tọ̀ nìyẹn o.

Nínú Online Olympiad 2020 yẹn, bọ́ọ̀dù mẹ́fà ni tíìmù kọ̀ọ̀kan ń ta: ọkùnrin méjì, obìnrin méjì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọ̀dọ́mọbìnrin kan. Ìyẹn ni pé ọwọ́ àwọn obìnrin ni ìdajì máàkì tíìmù wà. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fún kálukú, wọ́n sì ń fi sẹ́kọ́ńdì márùn-ún kún un tó bá ti ta múùfù kan. Gbogbo bọ́ọ̀dù jọ ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà ni, nítorí náà tó o bá fẹ́ mọ ìdí tí obìnrin kan fi gba ọ̀mì níbi tó ti ní pọ́ọ̀nù lé, wo bọ́ọ̀dù àwọn yòókù ní àsìkò yẹn. Ó lè jẹ́ pé ìdajì point péré ló kù fún tíìmù ẹ̀. Òmíràn á kọ ọ̀mì, á ju bíṣọ́ọ̀bù sínú iná, ẹ́ńjìnnì á pariwo pé àṣìta ńlá ni, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù méjì ti lọ mọ́ tíìmù ẹ̀ lọ́wọ́, ọ̀mì ò wúlò fún wọn mọ́. Ẹ́ńjìnnì ò mọ ìyẹn. Bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ló ń rí.

Ẹ wo sẹmi-fáínà Íńdíà àti Pólándì lọ́dún yẹn. Pólándì na Íńdíà 4–2 ní ìdíje àkọ́kọ́. Íńdíà wá mọ̀ pé táwọn ò bá jẹ èkejì, ilé ló yá. Wọ́n jẹ ẹ́ ní 4½–1½. Ó wá di Armageddon (géèmù kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń pinnu ẹni tó jẹ), Koneru Humpy àti Monika Soćko ló sì bọ́ sí, Humpy na án, Íńdíà bọ́ sí fáínà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tú géèmù èyíkéyìí láti ìdíje kejì yẹn, ẹ kọ ọ́ sókè bébà kẹ́ ẹ tó ta múùfù àkọ́kọ́: ÍŃDÍÀ GBỌ́DỌ̀ JẸ. Tó bá sì jẹ́ Armageddon lẹ̀ ń tú, ẹ rántí pé ọ̀mì níbẹ̀, dúdú ló jẹ́. Nítorí náà tí ẹ́ńjìnnì bá ń fi 0.00 hàn yín tó ní ọgbọọgba ni wọ́n wà, kò rí bẹ́ẹ̀, funfun ti wà nínú gbèsè.

Àdùkẹ́_e4:
Ha, Màmá ẹ ṣé o. Mi ò tiẹ̀ ronú kan bọ́ọ̀dù yòókù rárá.

Akin_Alágogo:
Màmá ti sọ ti tíìmù, ẹ jẹ́ kí n sọ ti aago, torí aago ni nǹkan tí géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì fi sàn ju ti orí tábìlì lọ fún ẹni tó fẹ́ tú u.

Tó o bá wa PGN géèmù náà sílẹ̀ láti Chess.com tàbí Lichess (fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí múùfù géèmù wà nínú ẹ̀ ni, kò tó nǹkan, dátà kékeré ló máa jẹ, má lọ máa wo fídíò kọmẹ́ńtárì o, ìyẹn ló ń jẹ dátà), ọ̀pọ̀ ìgbà wàá rí nǹkan tí wọ́n kọ báyìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ múùfù: [%clk 0:07:41]. Àkókò tó ṣẹ́kù sọ́wọ́ ẹni yẹn lẹ́yìn tó ta á tán nìyẹn. Yọ ọ́ kúrò lára ti múùfù tó ṣáájú, má gbàgbé sẹ́kọ́ńdì tí wọ́n fi kún un, wàá mọ iye tó fi ronú. Ibi tó ti ta múùfù mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú kan, ilé ló ti kọ́ ọ wá, má fi ibẹ̀ da ara ẹ láàmú, ó ti wà lórí ẹ̀. Ibi tó ti dúró ìṣẹ́jú mẹ́rin lórí múùfù kan ṣoṣo nínú géèmù oníṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ibẹ̀ ni kó o jókòó sí. Ó rí nǹkan tí kò yé e níbẹ̀. Bi ara ẹ léèrè ohun tó ń bà á lẹ́rù.

Ibi tí aago bá ti kù sẹ́kọ́ńdì mẹ́wàá ńkọ́, má kọ "kò mọ̀ ọ́n ta" sí i. Kálukú ń ta ohun tọ́wọ́ ẹ̀ bá kàn nígbà yẹn ni. Premove (múùfù téèyàn ti tẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnì kejì tó ta) wà níbẹ̀, àsìtẹ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó fẹ́ gbé kuíìnì lọ e4, ìka ẹ̀ á jù ú sí e5.

Ohun kan tún wà tó kan Àdùkẹ́ gan-an torí fáínà yẹn ló mú. Ní ìdíje kejì fáínà 2020, íntánẹ́ẹ̀tì já mọ́ àwọn ọmọ Íńdíà lọ́wọ́, Nihal Sarin àti Divya Deshmukh pàdánù torí pé aago wọn tán. Ìṣòro íntánẹ́ẹ̀tì tó kan ibi púpọ̀ lágbàáyé lọ́jọ́ náà ni, Íńdíà kọ̀wé ẹ̀sùn, FIDE, àjọ chess àgbáyé, sì fún Rọ́ṣíà àti Íńdíà ní góòlù pọ̀. Ṣé ẹ wá rí i? Tẹ́ ẹ bá ṣí irú géèmù bẹ́ẹ̀, èsì tẹ́ ẹ máa rí lókè ẹ̀ àti ohun tó wà lórí bọ́ọ̀dù ò ní bára mu. Ẹ́ńjìnnì á ní kò tíì tán, fáìlì á ní ó ti pàdánù. Àdùkẹ́, lọ sí ìdíje àkọ́kọ́ tí wọ́n ta 3–3, ìyẹn mọ́ tónítóní. Divya yẹn kan náà ló gba Women's World Cup ní 2025 ní Batumi o, Humpy ló sì nà ní fáínà, torí náà tẹ́ ẹ bá rí géèmù ẹ̀ àtijọ́, ẹ fara balẹ̀ wò ó.

Kòsínáà:
Akin, ó dùn mọ́ mi bó o ṣe dárúkọ íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún yẹn náà, ní kọ́tà-fáínà, íntánẹ́ẹ̀tì já mọ́ Àrméníà lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń kojú Íńdíà, wọ́n fẹ̀sùn kàn, wọn ò gbà á fún wọn, Àrméníà bínú, wọn ò jáde wá ta ìdíje kejì. Orí fóònù témi náà wà yìí, mo bá wọn kẹ́dùn.

Àti pé kẹ́ ẹ wo irú ìdíje tó jẹ́. Tó bá jẹ́ Team Battle ti Lichess, aréénà nìyẹn (géèmù kan á tán, wàá bọ́ sí òmíràn, títí àkókò á fi pé), òfin ẹ̀ yàtọ̀: ẹni tó jẹ gba point méjì, ọ̀mì kan, tó o bá sì ti jẹ ẹ̀ẹ̀mejì léra wọn, point ẹ á di ìlọ́po méjì títí wọ́n á fi dá ẹ dúró. Berserk tún wà, wàá gé aago ẹ sí méjì kó o lè gba point kan lé tó o bá jẹ. Ẹni tíná ń jó lórúkọ ẹ̀ ò ní fẹ́ ọ̀mì, ó sì lè fiṣẹ́ sílẹ̀ kíákíá kó lè rí ẹlòmíràn ta. Ẹni tí ò mọ èyí á ní obìnrin yẹn ń ta tẹ́tẹ́.

Ọmọ_Ayò:
Mo kàn fẹ́ béèrè o, ẹ má ju òkúta lù mí. Ṣé kò ní sàn kó mú géèmù Carlsen, ọkùnrin tó ti jẹ ọ̀gá chess àgbáyé rí? Tàwọn obìnrin yìí ṣé ó tó nǹkan téèyàn ń kọ́?

Màmá_Ẹlẹ́ṣin:
Ọmọ Ayò, òkúta wà lọ́wọ́ mi o. Humpy tí à ń dárúkọ yìí gba rapid (chess tó yá) àgbáyé àwọn obìnrin ní 2019, ó tún gbà á ní 2024. Judit Polgár, obìnrin ará Họ́ńgárì, dé rating (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọn agbára ẹni) 2735 ní 2005, kí ìwọ dé ìdajì ìdajì ẹ̀ ná. Àti pé géèmù Carlsen, ọ̀pọ̀ ìgbà, kò sẹ́ni tó yé láàárín wa níbí, ìwọ náà mọ̀.

Bọ̀dá_Rúùkù:
Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ hàn án dípò ariwo. Àdùkẹ́, kó o tó lọ bá géèmù gígùn jà, fi kúkúrú kan kọ́wọ́ ná. Kì í ṣe orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ta á o, àmọ́ tíìmù ni, obìnrin ni, ó sì wà nínú gbogbo àká géèmù tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Thessaloniki ní Gíríìsì, 1988, Olympiad àwọn obìnrin. Họ́ńgárì gbé àwọn ọmọ ìyá Polgár mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, pẹ̀lú Ildikó Mádl, wọ́n sì gba góòlù mọ́ Sófíẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ pẹ̀lú ìdajì point. Judit ò ju ọmọ ọdún méjìlá lọ, point méjìlá àtààbọ̀ ló kó nínú mẹ́tàlá. Pavlina Angelova ti Bùlgáríà ló ń bá ta á, Judit ló di funfun mú (K ni ọba, Q kuíìnì, R rúùkù, B bíṣọ́ọ̀bù, N ẹṣin; x ni jíjẹ, + ni check, O-O ni kí ọba àti rúùkù jọ sún pa pọ̀; múùfù tí ò ní lẹ́tà ńlá, pọ́ọ̀nù ni):

1.e4 c5 2.Nf3 Nc6 3.Bb5 g6 4.O-O Bg7 5.c3 e5 6.d4 exd4 7.cxd4 Nxd4 8.Nxd4 cxd4 9.e5 Ne7 10.Bg5 O-O 11.Qxd4 Nc6 12.Qh4 Qb6 13.Nc3 Bxe5 14.Rae1 Bxc3 15.bxc3 Qxb5 16.Qh6 Qf5 17.Qxf8+, dúdú fiṣẹ́ sílẹ̀.

Múùfù mẹ́tàdínlógún. Kí ẹnikẹ́ni má tan ẹ́ńjìnnì. Ibo lẹ máa dúró sí?

Títí_Sicilian:
Èmi máa kọ́kọ́ dúró sí 11...Nc6, torí èèyàn lè sáré kọjá ẹ̀. Dúdú gbé ẹṣin kúrò níwájú kuíìnì ara ẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù g5 ti wá ń wo kuíìnì d8 lójú, àmọ́ ẹṣin yẹn náà ń wo kuíìnì d4. Ẹni tó bá rí kuíìnì ọ̀fẹ́ á jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀: 12.Bxd8 Nxd4. Ẹ wá wò ó, ẹṣin d4 dojú kọ bíṣọ́ọ̀bù b5, rúùkù f8 dojú kọ bíṣọ́ọ̀bù d8, méjì lẹ́ẹ̀kan. Judit ò jẹ ẹ́, ó gbé kuíìnì lọ h4, kuíìnì ẹ̀ kúrò nínú ewu, kuíìnì dúdú ló wá kù tó ní láti sá. Tẹ́ ẹ sì wo h4 dáadáa, ìdojúkọ ọba nìyẹn, kì í ṣe sísá lásán.

Angelova náà ò sùn o, 12...Qb6 yẹn ń wo bíṣọ́ọ̀bù b5. 13.Nc3 ni Judit fi gbà á sílẹ̀. Ẹ fi ẹṣin c3 yìí sọ́kàn, òun nìkan ló ń ṣọ́ bíṣọ́ọ̀bù b5.

Àdùkẹ́_e4:
Mo ti tẹ́ ẹ síta lórí bọ́ọ̀dù gidi níwájú mi báyìí. Ó jọ pé 13...Bxe5 ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀? Pọ́ọ̀nù ọ̀fẹ́ ló jẹ, ṣùgbọ́n bíṣọ́ọ̀bù yẹn ló ń ṣọ́ ọba ní g7.

Bọ̀dá_Rúùkù:
Ó káre! Kọ ìyẹn sílẹ̀ bó o ṣe sọ ọ́ yẹn gan-an, má tún un ṣe. Ó ti ta g6, ilé f6 àti h6 ti di ihò, bíṣọ́ọ̀bù g7 nìkan ló ń dí ihò yẹn. Ó wá gbé adènà jáde lọ jẹ pọ́ọ̀nù. Judit ní kó kú ọdẹ, 14.Rae1, rúùkù dojú kọ bíṣọ́ọ̀bù e5. Dúdú wá ṣírò pé tóun bá fi bíṣọ́ọ̀bù jẹ ẹṣin c3, tí funfun sì fi pọ́ọ̀nù jẹ ẹ́ padà, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ b5 mọ́, òun á jẹ ẹ́. Ìṣirò yẹn tọ̀nà. Lẹ́yìn 15...Qxb5, ẹṣin kan àti pọ́ọ̀nù kan ni dúdú fi ju funfun lọ, ẹ kà á. Àmọ́ adènà ò sí nílé mọ́ títí ayé, bíṣọ́ọ̀bù funfun ti g5 sì ń wo f6.

16.Qh6. Ìhàlẹ̀ ẹ̀ hàn: Bf6, lẹ́yìn ẹ̀ Qg7, ó parí. Angelova gbé kuíìnì lọ f5 kó lè ṣọ́ f6. Judit wá fi kuíìnì jẹ rúùkù f8! Ọba gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́, Bh6+, ọba ò lè gba e7 torí rúùkù e1, ó padà sí g8, Re8, checkmate.

Ọmọ_Ayò:
Ẹ dúró ná. Kuíìnì dúdú tó wà ní b5 ń wo f1 o, kò sí nǹkan kan lójú ọ̀nà. Kí ló dé tí kò fi jẹ rúùkù níbẹ̀ ní múùfù kẹrìndínlógún, ó tún fi check sí i? 16...Qxf1+.

Títí_Sicilian:
Ọmọ Ayò tó ní kò tó nǹkan téèyàn ń kọ́, òun ló wá béèrè èyí tó dáa jù 😂

17.Kxf1. Ọba lẹ fi jẹ ẹ́ o, ẹ má fi rúùkù e1 jẹ ẹ́, rúùkù yẹn lẹ nílò ní e8. Check ti tán, ìhàlẹ̀ Bf6 ṣì wà níbẹ̀. Tó bá fi 17...f6 dí i, 18.Bxf6 Rxf6 19.Re8+, tí rúùkù bá padà sí f8, Rxf8 mate. Tí ọba bá sá sí f7, Qf8 mate, ọba ò lè gba e6 torí rúùkù e8 ń wò ó láti òkè. Kẹ́ ẹ sì rí i pé èyí kan náà ló máa ṣẹlẹ̀ tó bá ta 16...f6 láìjẹ f1. Kuíìnì b5 ò lè ran e8 lọ́wọ́, ẹṣin ẹ̀ fúnra ẹ̀ ní c6 ló dí i lọ́nà.

Akin_Alágogo:
Báyìí lẹ lè wá tan ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ bi í. Ẹ má bi í pé "ta ló sàn?", ẹ gbé múùfù tí ẹ̀yin fúnra yín kọ sílẹ̀ síwájú ẹ̀, kẹ́ ẹ wo bó ṣe máa fìyà jẹ ẹ́. Àpẹẹrẹ: ní 14, tí dúdú ò bá jẹ c3, kí ni ì bá ta? Ní 15, tó bá fi b5 sílẹ̀ láìjẹ ńkọ́? Ẹ kọ tiyín, kẹ́ ẹ tó wo tiẹ̀. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó ronú díẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́, ohun tó ń sọ ní sẹ́kọ́ńdì àkọ́kọ́ àtohun tó máa sọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan máa ń yàtọ̀ nígbà míì, pàápàá níbi tí wọ́n bá ti fi nǹkan rúbọ.

Ẹ wá kíyè sí i pé géèmù 1988 yìí ò ní %clk, a ò lè mọ ibi tí Judit ti ronú pẹ́. Ti 2020 máa sọ fún yín.

Kòsínáà:
Ọ̀rọ̀ kan péré. Tí ẹ bá rí i pé obìnrin kan ta múùfù ogún tó bá ti ẹ́ńjìnnì mu, ẹ má kọ "ó ń fi ẹ́ńjìnnì ṣèrú" síta gbangba o. Níbi tí ọ̀nà bá ti jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, gbogbo wa la máa bá ẹ́ńjìnnì mu, 17 sí 19 tẹ́ ẹ tò sókè yìí, ọmọdé á tà á bí Stockfish, ẹ́ńjìnnì yẹn. "Accuracy" tí wọ́n ń kọ sísàlẹ̀ géèmù náà (bí múùfù ẹni ṣe sún mọ́ ti ẹ́ńjìnnì tó), géèmù kúkúrú máa ń gbé e ga. Má kà á fún wọn ní Sátidé, kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan.

Màmá_Ẹlẹ́ṣin:
Fún Sátidé fúnra ẹ̀: má ka múùfù láti ìkíní dé ogójì, wọ́n á sùn. Ibi mẹ́ta ni kó o mú. Gbé bọ́ọ̀dù kalẹ̀, sọ èsì tíìmù ní àkókò yẹn fún wọn, sọ iye tó kù lórí aago, wá bi wọ́n pé "ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ máa ta?" Dákẹ́. Jẹ́ kí wọ́n jiyàn. Àwọn ọmọbìnrin tí ojú ń tì ni kó o kọ́kọ́ pè, torí àwọn onígboyà á ti dáhùn kó o tó béèrè tán. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni wàá wá fi ohun tí obìnrin yẹn ta hàn wọ́n.

Àdùkẹ́_e4:
Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ ò ní kú léwe. Mo ti pinnu, màá fi fáínà sílẹ̀, ìdíje kejì Íńdíà àti Pólándì ni màá mú, bọ́ọ̀dù obìnrin kan níbẹ̀, torí ohun tí Màmá sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ. Mo ti wa PGN ẹ̀ sílẹ̀, clk wà níbẹ̀.

Ti Judit yìí ò tíì kúrò lọ́kàn mi ṣá. Mo kọ 16...Ne7 sínú ìwé mi, kí ẹṣin lè lọ f5 kó lè ṣọ́ g7. Mi ò tíì tan ẹ́ńjìnnì o, Bọ̀dá Rúùkù!

Bọ̀dá_Rúùkù:
Múùfù gidi nìyẹn, ó sàn ju èyí tí mo rò lọ. Bí ẹṣin bá ráyè dé f5, ọ̀rọ̀ á le. Torí náà mi ò ní jẹ́ kó dé bẹ̀: 17.Rxe7. Ìhàlẹ̀ Bf6 ṣì wà. Tó bá fi 17...f6 dí i, wo rúùkù e7 lórí ìlà keje yẹn, 18.Qxh7 mate.

Títí_Sicilian:
Tó bá wá padà sórí ọ̀nà Angelova, 17...Qf5 ńkọ́?

Bọ̀dá_Rúùkù:
18.Rfe1, rúùkù kan ti ẹ̀yìn èkejì. Ẹ wo f8 lẹ́ẹ̀kan sí i. Tó bá ta múùfù lásán bíi d6, Qxf8+ tún ti dé, ọba ò ní lè jẹ rúùkù e7 torí e1 ló ń ṣọ́ ọ. Múùfù tó kù fún un ní 18 tí kì í ṣe d6, mi ò ní sọ ọ́ níbí. Àdùkẹ́, kọ gbogbo èyí tó o bá rí sínú study yẹn, kó o fi líǹkì ẹ̀ sí abẹ́ ibí yìí lálẹ́ Fúráídé, ká jọ wò ó kó tó di Sátidé.

Ọmọ_Ayò:
Èmi náà fẹ́ líǹkì yẹn o.